Ká pọ̀ nílé kọ́ ni àtìlẹ́yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ pín pé "obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, tí ẹbí bá ti yí i ká, ilé ọkọ ò lè sú u," kò rí bẹ́ẹ̀.

Orí èèyàn kọ́ là ń kà. Ìbéèrè 12 ló wà nínú MSPSS, òṣùwọ̀n àtìlẹ́yìn tó jáde ní 1988: 4 fún ẹbí, 4 fún ọ̀rẹ́, 4 fún ẹni pàtàkì kan. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní máàkì, láti 1 dé 7. Ẹ wò ó lórí Google.

Ìyá ọkọ ní Bẹẹrẹ tó ń bi í lóṣooṣù pé "ṣé kò tíì sí nǹkan?" wà lára àwọn tó yí i ká. Ọkọ tó gbà láti lọ yẹ àtọ̀ wò ní UCH, ẹnì kan péré ni, àmọ́ òun ló ń ṣe àtìlẹ́yìn.

Apá kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà lọ́tọ̀; àpapọ̀ máàkì lè bo ibi tó ń jò.