Kì í ṣe oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló dá wọn dúró ságọ̀ọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àwọn tó wà lágọ̀ọ́ ní Maiduguri ò fẹ́ padà sóko nítorí oúnjẹ ọ̀fẹ́, pé ká má fi aṣọ tí à ń kó jọ ní Òṣogbo ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Boko Haram ló lé wọn kúrò lóko. Àwọn tó sì padà ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2020, ìrẹsì ni wọ́n ń kórè ní Zabarmari, nítòsí Maiduguri níbẹ̀, tí Boko Haram fi pa èèyàn tó lé ní 40 lára wọn. Nígbà tó di September 2024, dáàmù Alau tún ya, omi ya wọ ìgboro Maiduguri. Ẹ̀yin náà mọ omi Ọ̀ṣun: mátírẹ́ẹ̀sì tó bá mu ún, ọ̀sẹ̀ kan lóòrùn, ó ṣì ń rùn. Aṣọ yẹn á lọ, sà.