Èsì wa sí oníbàárà tó ní fílítà wa pa ẹja òun

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. A rí ohun tí ẹ kọ, a sì dúpẹ́ pé ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa, ẹ ní fílítà ńlá, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì ẹja, tí a tà fún yín pa ẹja yín mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ tó tà á ò sì mọ nǹkan kan. Ẹja kú lóòótọ́, ó sì dùn mí, torí ọwọ́ mi lẹ ti ra méjì nínú àwọn góòlùfíìṣì yẹn nígbà tí wọn ò tíì ju ìka lọ. Ṣùgbọ́n fílítà kọ́ ló pa wọ́n, mi ò sì ní dákẹ́ kí ẹlòmíràn máa sá fún ọjà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, lẹ wá. Táǹkì yín gba 200 lítà, apá fílítà kékeré tó wà nínú ẹ̀ ò sì ká a mọ́. Ẹ mú èyí tó ń fa 1,000 lítà ní wákàtí kan; ẹ yan ire. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, tó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, ló bá yín gbé e dé ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún yín pé, "Ẹ má tíì yọ ti àtijọ́ o, ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ fún oṣù kan." Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, etí mi ló ṣe. Ẹ ní ẹ ti gbọ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ pààrọ̀ fílítà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù máa ń di amóníà nínú omi, májèlé sì ni fún ẹja. Bakitéríà kan, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, wà tó ń sọ amóníà yẹn di nítíráìtì, tí òun náà ṣì burú. Òmíràn á wá sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí ẹja lè fara dà títí ẹ ó fi pààrọ̀ omi. Àwọn bakitéríà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé inú omi lásán. Ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́: ara òkúta wẹ́wẹ́, ara gíláàsì, pàápàá jù lọ inú fóòmù fílítà. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ kọfí tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tí ẹ bá fún fóòmù, tí àwọn èèyàn ń pè ní ìdọ̀tí, àwọn gan-an ló kún ibẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú táǹkì tuntun.

Ní ọjọ́ 18, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Òkúta wẹ́wẹ́ yín ń funfun bí ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn. Fílítà àtijọ́ wà nínú nylon dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pàǹtírí, fóòmù ẹ̀ ti gbẹ, ó ti le bí búrẹ́dì ìjẹta. Ẹ tún fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé omi ẹ̀rọ ìjọba lẹ fi fọ òkúta náà, omi tó ní klorín tó ń pa bakitéríà. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ palẹ̀ gbogbo bakitéríà yẹn mọ́. Fílítà tuntun ń fa omi, ó ń tú u jáde, kò sì sí ohun tó máa gba amóníà.

Ẹni tí kò bá ráyè oṣù kan, kó mú fóòmù àtijọ́ sínú ikùn fílítà tuntun ní tútù. Tó bá pọn dandan kó ṣàn án, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi táǹkì náà ni kó ti fún un. Tí NEPA bá sì mú iná lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó ṣí fílítà kó tó tún tàn án, torí bakitéríà inú ẹ̀ kì í pẹ́ kú níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí.



Ohun kan tí mo gbà ni pé ẹnu la fi sọ ọ́, a ò kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ti ń lẹ ìwé mọ́ ara gbogbo fílítà tó ń jáde. Ẹ máa bọ̀ wá mú fóòmù láti inú táǹkì ṣọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ ni. A ó máa yẹ omi yín wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan, ọ̀fẹ́ ni. Tí amóníà àti nítíráìtì bá ti wà ní òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹja mẹ́fà ni màá fún yín. Mi ò jẹ yín ní gbèsè ẹja o, ṣùgbọ́n màá fún yín.

Ọmọ tí ẹ ní kò mọ nǹkan kan yẹn náà ló máa wá bá yín fi fóòmù sí i. Tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiẹ̀.