Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Àwọn àgbà ní, "Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Lẹ́nu onílé lóde òní, bíríkìlà ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bú, tàbí púlọ́ńbà tó tún páìpù bálùwẹ̀ ṣe lánàá tí omi sì tún ń kán lónìí. Ó bá wọn mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: ẹnu ni itọ́ ti ń wá. Kí bíríkìlà tó po sìmẹ́ńtì rárá, òun àti onílé ti fẹnu mọ ilé kan. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ̀mí, tó bá fi máa di Sátidé a ti parí." "Ó dáa, ọmọ mi, gba èyí dání ná." Ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ irú wáyà tàbí sìmẹ́ńtì tí wọn ó lò. Ìrì ò tíì sẹ̀ tí ilé yẹn ti ń wó.

Sátidé dé, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń wí. "Mo ti wà lójú ọ̀nà." "Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú mi ní Ìkòròdú." "Ọmọ iṣẹ́ mi ni ara ẹ̀ ò yá." Tó bá yá, fóònù ò ní wọlé mọ́. Inú á bí ni, àgàgà bó bá ti fọ́ táìsì ilẹ̀ kó tó pòórá, tí gbogbo ilé wá ń gbé korobá lọ wẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ọ̀pọ̀ á ní olè ni. Àwọn kan jẹ́ olè lóòótọ́, èmi ò ní gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo mọ̀, owó ló ń lé wọn kiri. Owó àsansílẹ̀ tí ẹ fún un, ilé ẹni tó ṣáájú yín ló fi ra ohun èlò fún, nítorí ó ti fi owó onítọ̀hún san owó ilé-ìwé ọmọ. Tiyín náà á wá dúró de onílé mìíràn tó máa sanwó. Ẹ ti bá a dá àjọ láìmọ̀, ẹ ò sì mọ ọjọ́ tí yóò kàn yín.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí onílé má kó owó ohun èlò lé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Kí oníṣẹ́ kọ ohun tó fẹ́ lò sínú ìwé, kẹ́ ẹ jọ lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín sanwó fún ọlọ́jà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wáyà 1.5 (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe nípọn tó) ni wọ́n ń fà sí gílóòbù, 2.5 ni ti ibi tí ẹ ó máa ki áyọ́ọ̀nù bọ̀. Oníná tó bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn. Ojú lásán kì í tètè mọ páànù 0.45 yàtọ̀ sí 0.55, ẹ ní kí wọ́n fi ohun ìwọ̀n wọn bó ṣe nípọn tó níwájú yín. Ti sìmẹ́ńtì, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó wà lára àpò. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n fi 32.5 mọ sórí rírẹ́ ògiri, kí wọ́n máa fi 42.5 da òpó àti dẹ́ẹ̀kì, kí wọ́n sì fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà tó bá ní "sìmẹ́ńtì ni sìmẹ́ńtì ń jẹ́", ẹ fura sí i.

Owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ pín in. Ẹ fún un ní díẹ̀ tí yóò fi wọ mọ́tò tí yóò sì fi jẹun, ẹ fún un ní díẹ̀ bí iṣẹ́ bá dé àárín, kẹ́ ẹ sì di èyí tó máa dùn ún bó bá sọnù mú títí ẹ ó fi dán iṣẹ́ náà wò. Kí wọ́n tó lẹ táìsì bálùwẹ̀, ẹ dí ojú ihò, ẹ da omi sílẹ̀ kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kí ẹnì kan lọ wo àjà ilé ìsàlẹ̀ láàárọ̀. Bó bá jẹ́ òrùlé ni, ẹ jọ ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó dìgbà tí òjò gidi bá rọ̀ kó tó gba ìyókù.

Àwa onílé náà ò mọ́. "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." A ó ná oníṣẹ́ títí tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ò fi ní jáde, ẹnu á wá máa yà wá pé yanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ. Àwọn mìíràn á tún jẹ ìyókù owó mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ tó dára. Irú wọn, oníṣẹ́ máa ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa rẹ̀. Bó bá wá di ọjọ́ tí omi ya wọlé, wọn ò ní rẹ́ni dá wọn lóhùn.

Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ló ń sáré wá àwọn alátáìsì láti Kútọnu àti Lomé, wọ́n ní iṣẹ́ wọn mọ́ ju ti wa. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kì í dúró gba fríídọ̀mù mọ́; wọ́n á mọ ìdajì iṣẹ́, wọ́n á gun ọ̀kadà lọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bèèrè iye, ẹ bèèrè pé, "Ta ni ọ̀gá rẹ?" Ẹni tó bá dárúkọ ọ̀gá tó ṣì wà láàyè, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ìpàdé ẹgbẹ́ wọn náà ń yanjú nǹkan ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. L'Ékòó, Citizens' Mediation Centre, ibi tí ìjọba ti ń bá ará ìlú làjà, máa ń parí irú ìjà báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ Small Claims sì wà níbẹ̀ láti ọdún 2018 fún gbèsè tí kò bá ju ₦5,000,000 lọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì fi ṣe gbèdéke fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n á bi yín. Ẹ fi iye owó, irú iṣẹ́ àti ọjọ́ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ lórí WhatsApp, kó dáhùn pé òun gbà. Ẹ ya fọ́tò ibi tí iṣẹ́ dé. Bẹ́ ẹ bá sì fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, níbi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí, "owó iṣẹ́ bálùwẹ̀, ìpín kìíní" ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe "Ọlọ́run á bùkún ẹ."