Ẹni Tó Ra M5 Wálé, Ẹ Bá Wa Kí I

Kòróólà ti di ọkọ̀ tíṣà. Jíìpù náà ti wọ́pọ̀ jù: alága káńsù ní in, igbákejì rẹ̀ ní in, ẹni tó du ipò tí kò wọlé pàápàá ní in. Nítorí náà, bí ọmọ wa tó ń rọ́wọ́ mú ní Àbújá bá ń bọ̀ wálé fún Kérésì tàbí ìsìnkú báyìí, ohun tó gbọ́dọ̀ gbé wọ Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni ọkọ̀ tí kò lẹ́gbẹ́ ládùúgbò, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti dá a dúró tipẹ́tipẹ́. BMW M5 ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní E60, tó jáde ní 2005, tí wọ́n sì ṣe kẹ́yìn ní 2010. Àwọn ará ilé á kí i bí a ṣe ń kíra wa: "Òkun o, ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ yìí mà le o!" Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún tẹ iná mọ́ ọn. Kò ní pa ẹ́ńjìnnì náà títí tí ìsìn á fi parí, torí kò dá a lójú pé yóò tún ṣáná.

Ká má purọ́, ọkọ̀ gidi ni. Sìlíńdà 10, lítà 5, agbára ẹṣin 507, ẹ́ńjìnnì tó lè yí ìgbà 8,250 láàrin ìṣẹ́jú kan kó tó ní ó tó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tírélà sìmẹ́ńtì tó ń wọ́ bọ̀ láti Ọbájánà, bóyá 40 lẹ̀gbọ́n máa rí lò nínú ẹṣin náà. Àwọn 467 tó kù ń mu epo, wọn ò ríṣẹ́ ṣe.

Ká tó gun ẹṣin ṣá, ṣé M5 ni ẹ̀gbọ́n rà lóòótọ́? Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan ni àmì ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, kò wọ́n rárá ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò l'Ékòó. Bọ́ńpà rẹ̀ wà fún títà, ẹnu sàlẹ́ńsà mẹ́rin náà wà. 525i, E60 lásán tí kì í ṣe M5, tó bá ti fowó gba oyè á jókòó láàrin àwọn ọlọ́lá, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní ìdílé tó ti wá. Ọ̀pá jíà ni àṣírí ti ń tú. M5 kò ní P, ipò tí wọ́n fi ń páàkì ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Jíà rẹ̀ ní ipele 7, ẹ̀rọ ló ń bá awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, SMG ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ páàkì á fi í sínú jíà, á sì fa háńbíréèkì. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú jíà ọlọ́wọ́ fún ará Amẹ́ríkà náà kò ní P. Bí ẹ bá rí P lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ kí i dáadáa, ẹ má dójú tì í níwájú àna, ṣùgbọ́n ẹ má fowó yín ra irú rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń ṣiyèméjì, kó mú nọ́ńbà 7 tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ṣaasí, kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹ̀yà BMW tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Á rí irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti oṣù tí wọ́n ṣe é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó ráyè kó mílíọ̀nù jọ kì í ráyè fún un.

Ká ní ojúlówó ni. Ẹ kú oríire. Bẹ́ríńgì ló kàn. Kọ́ńrọ́ọ̀dì 10, irin tó so písítìn mọ́ káńkiṣáfùtì tó ń yí nísàlẹ̀, ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, abala bẹ́ríńgì méjì méjì ló sì gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ káńkiṣáfùtì, 20 lápapọ̀. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ́ìlì níbẹ̀ tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tí wọ́n ní kí a lò, 10W-60, ki púpọ̀. Láàárọ̀ kùtù, tí ọ́ìlì ṣì tutù, kì í tètè wọ ibẹ̀. BMW mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n to iná sára aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì: ó ń sọ fún awakọ̀ pé má kọjá ibí, ó sì ń sún sókè bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná. Ẹ̀gbọ́n rò pé iná ọ̀ṣọ́ ni. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tó ṣáná níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti tẹ̀ ẹ́ dé 6,000 kí ìyá ìjọ lè mọ̀ pé ó ti ń lọ. Irin ń jẹ irin nìyẹn. Tó bá fi máa dún kọ́-kọ́-kọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bẹ́ríńgì, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Ẹni tó gbọ́n á ní kí wọ́n tú fílítà ọ́ìlì kó tó sanwó, á la bébà inú rẹ̀, á tẹ́ ẹ sí oòrùn. Tí nǹkan pupa bíi bàbà bá ń dán nínú rẹ̀, kó wọ mọ́tò elérò padà sílé. Tó bá mọ́, kó rà á, àmọ́ kó ya owó bẹ́ríńgì 20 àti bóòtù kọ́ńrọ́ọ̀dì 20 sọ́tọ̀. Bóòtù tuntun o! Ṣe ló máa ń nà bí wọ́n bá ti dì í, kò ṣeé dì lẹ́ẹ̀kejì. Mẹkáníìkì tó bá ní, "Ọ̀gá mi, bóòtù yìí ṣì lágbára, ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Abẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà: wọ́n á so ẹ́ńjìnnì rọ̀ látòkè, wọ́n á sọ férémù iwájú kalẹ̀, wọ́n á tú àwo ọ́ìlì. Lítà 9.3 ni ọ́ìlì tó ń gbà. 20W-50 ló pọ̀ jù ní gáréèjì, ó sì dára, fún ẹ̀rọ ìlọta.

Bí bẹ́ríńgì bá sùn, jíà á jí. Pọ́ńpù oníná kan ló ń ti ọ́ìlì sínú SMG. Káábọ́ọ̀nù inú mọ́tò oníná tó ń yí pọ́ńpù náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tán, àmì eyín jíà á tàn lórí dáṣibọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ò sì ní lọ mọ́. Kẹ́ ẹ tó pariwo pọ́ńpù, ẹ yẹ rìléè rẹ̀ wò, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. CHF 11S, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ni ọ́ìlì ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa á rọ ATF, ọ́ìlì pupa ti jíà tó ń yí fúnra rẹ̀, sí i, torí jíà ṣáà ni jíà. Tí wọ́n bá pààrọ̀ pọ́ńpù tán, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde: láptọ́ọ̀pù, wáyà K+DCAN tó so ó mọ́ ọkọ̀, àti INPA tàbí ISTA, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ BMW wò. Ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rìwáyà kì í rí SMG rárá. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí fọ́ọ̀tì kankan," nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ti ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n sì tún fẹ́ràn kó máa fi iná díẹ̀díẹ̀ gbé e dúró lórí òkè, dípò kó tẹ bíréèkì. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń fi dúró. Òórùn tó ń rú yẹn kì í ṣe ti igbó tí wọ́n ń sun.

Mọ́tò oníná kékeré méjì tún wà lábẹ́ àpótí afẹ́fẹ́ tó ń ṣí ọ̀nà èémí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún sìlíńdà márùn-ún ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Eyín inú wọn ń jẹ, agbára ọkọ̀ á sì wálẹ̀ lójijì. Wọ́n ń ta eyín náà lọ́tọ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra odidi.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ká wá ẹ̀yà, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti ń di àbúrò. Ilẹ̀kùn, gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó ń gbé wíńdò sókè: ti E60 yòówù ló bá a mu, kí wọ́n tú u lára 525i ní Ládípọ̀ tàbí ní Apo l'Ábújá. Fẹ́ńdà, bọ́ńpà, bíréèkì, sàlẹ́ńsà, ẹ́ńjìnnì àti jíà, àfi ti M5 gan-an. M6 ìgbà náà, BMW onílẹ̀kùn méjì, bá a dọ́gba ní ẹ́ńjìnnì àti jíà, nítorí náà ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín wá a pé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Á ní, "Alàgbà, mo ní i, ojúlówó Bẹ́ljíọ̀mù," á fi fọ́tò tó ṣókùnkùn ránṣẹ́. Nọ́ńbà 11 ni BMW máa ń tẹ̀ sára ẹ̀yà. Ẹ ní kó ya nọ́ńbà yẹn, pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ déètì òní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí nọ́ńbà náà kò bá bá tiyín mu, ẹ yẹ ìwé ẹ̀yà wò bóyá tuntun ló rọ́pò àtijọ́. Tí wébíìlì bá dé Kàbà, ẹ tú káátọ̀nù rẹ̀ ní gáréèjì, níṣojú dẹ́rẹ́bà. Ẹ̀yà oníná, wọn kì í gbà á padà.

Táyà ńkọ́? 255/40 R19 níwájú, 285/35 R19 lẹ́yìn, wọn ò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn. Kò sí táyà àfirọ́pò nínú bọ́ọ̀tù, góòmù inú agolo àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Góòmù ń dí ojú ìṣó. Kòtò ọ̀nà Mópà sí Ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ìṣó. Ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń là, ríìmù náà á sì wọ́. Fọganáísà á wò ó, á kan sáárá sí i, á ní òun ò ní ìwọ̀n rẹ̀.

Epo: lítà 70 ni táńkì rẹ̀, BMW fúnra wọn sì ní ó ń mu lítà 14.8 ní 100 kìlómítà, tí wọ́n bá fi pẹ̀lẹ́ wà á. Ẹ̀gbọ́n ò ra á láti fi pẹ̀lẹ́ wà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, kí ẹ̀gbọ́n tó jáde lọ ra búrẹ́dì, ó ń kọ́kọ́ ṣírò.

Tó bá di oṣù kejì, fọ́tò ọkọ̀ náà á ti jáde lórí WhatsApp: "M5 tí kò ní wàhálà, AC ń tutù, bátìrì nìkan ló kú, ẹni tó ni ín ń rìnrìn àjò." Wọ́n á pè láti Ìsánlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó pè kì í bèèrè bẹ́ríńgì, kì í bèèrè jíà. Ṣé dúdú ni, lohun tó ń bèèrè.