Ẹ̀jẹ̀ O kì í ba ọmú ìyá jẹ́

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp láti Ìlọrin dé Ọ̀fà. Ó ní ìyá tí oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí tirẹ̀ jẹ́ A lọ́mú, pé ọmú náà yóò di májèlé. Irọ́ ni o. Mo fojú ara mi rí ìyá ìkókó kan tó ń fún ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó sì rí rúsúrúsú, dà sínú abọ́, tí ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ṣúgà tíntìntín ló so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ sára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀; ẹyọ tó gbẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ náà ló ya ẹ̀jẹ̀ A sọ́tọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ B. Ẹyọ ìgbẹ̀yìn yẹn ni O kò ní. Irú ìlẹ̀kẹ̀ ṣúgà bẹ́ẹ̀ wà lára púrótéènì inú ọmú, àwọn mìíràn sì dá dúró nínú rẹ̀, ó lé ní 100 oríṣi; ti ìyá kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ṣúgà inú ọmú yìí kì í ṣe májèlé, kì í sì í dà nínú ọmọ: kòkòrò rere inú ìfun ló ń jẹ ẹ́. Wàrà màlúù tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Òótọ́ kan wà ṣá: ẹ̀jẹ̀ ìyá O lè bá ti ọmọ A jà láti inú oyún, kí ojú ọmọ pọ́n bí ìyeyè lẹ́yìn ìbí. Inú oyún ló ti wá, kì í ṣe inú ọmú. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kíákíá, ẹ má sì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.