Ẹ Ṣẹ́ Owó Oúnjẹ Kù Sínú Àkáǹtì Ajigbèsè

Ẹni bá jẹ gbèsè, kó san án. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ wa yìí tán kó wá sọ pé à ń gbè lẹ́yìn ajẹgbèsè-má-san. Ohun tí à ń bá wí ni bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè náà lóde òní, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣubú tó sì ń wá bó ṣe máa dìde. Gbogbo ayé ní kó lọ ṣí àkáǹtì kékeré kan, ó ṣí i. Wọ́n ní kó máa fi owó sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó gidi kan bá wá wọlé, wọ́n á gbá gbogbo rẹ̀ lọ kó tó mọ̀.

Ẹ gbọ́ ti ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ àti gààrí nínú Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Ó yá owó lọ́wọ́ ilé ìyáwó kékeré kan láti fi kún ọjà. Kò tíì san án tán nígbà tí ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 dé, táwọn èèyàn ń sùn sídìí ẹ̀rọ ATM, tí ẹni tó lówó ní báńkì kò rí kọ́bọ̀ fi ra nǹkan. Ọjà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dá owó sísan dúró, wọ́n sì pè é títí ó fi pa fóònù. Nígbà tí ara rọ̀ ọ́ díẹ̀, ó lọ ṣí àkáǹtì tuntun ní báńkì mìíràn, irú èyí tí wọn kì í béèrè ìwé iná tàbí onídùúró fún: fọ́tò, nọ́ńbà fóònù, NIN àti BVN, ó parí. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó fi 40,000 náírà ránṣẹ́ sí i pé kó fi san owó ìsọ̀. Alẹ́ẹ́tì wọlé. Ibi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ lórí fóònù ni alẹ́ẹ́tì kejì ti dé. Òdo ló kù.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí báńkì náà ní Alágbàká.

"Wọ́n ti yọ ọ́, Mà. Gbèsè tẹ́ ẹ jẹ níbòmíràn ni."

"Ṣé ẹ̀yin ni mo jẹ ni?"

"Rárá o, Mà. BVN yín ló fà á."

"Ta ní ń jẹ́ BVN yẹn? Ẹ fi hàn mí kí n lọ bẹ̀ ẹ́."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Àwa ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀, nítorí ìbéèrè gidi lobìnrin yẹn béèrè. Ta leèyàn máa lọ bẹ̀?

Oṣù Kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CBN, bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà mọ́kànlá tó so gbogbo àkáǹtì ẹnì kan mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n gbé ìlànà mìíràn lé e lórí, èyí táwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní GSI. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: bí ẹnì kan bá yáwó ní báńkì kan tí kò san, báńkì náà lè na ọwọ́ wọ inú àkáǹtì rẹ̀ níbikíbi tó bá wà, láìtún padà lọ bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì mú owó wọn àti èlé rẹ̀. Owó ìtanràn nìkan ni wọn ò gbọdọ̀ fi kún un. Àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀ wà lára ìwé tí ayáwó fúnra rẹ̀ buwọ́ lù. Òótọ́ ni, ó buwọ́ lù ú. Ta ló ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí owó ń dúró dè é?

A mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan wà tí mílíọ̀nù wọn jókòó sí báńkì kejì, tí wọn ò sì san gbèsè báńkì kìíní. Irú wọn ló yẹ kí GSI mú. Ṣùgbọ́n irú wọn náà ló ní agbẹjọ́rò àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò ní.

Láyé àwọn bàbá wa, àwọn Òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn kiri láti Ìjẹ̀ṣà dé ọ̀dọ̀ wa níbí máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọn ò ní dìde àfi tí owó bá jáde. Ojú wọn le. Síbẹ̀ wọ́n ń rí ojú ẹni tí wọ́n ń sin lówó, wọ́n ń gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé, wọ́n sì lè gba ìdajì kí wọ́n dá ọjọ́ ọjà mìíràn. Kọ̀ǹpútà kì í gba ìdajì. Ìlànà GSI ka oríṣiríṣi àkáǹtì tí wọ́n lè fọwọ́ kàn, àmọ́ kò dá iye kankan sí fún oúnjẹ, oògùn, tàbí owó ọkọ̀ tí ajigbèsè máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó máa fi san gbèsè ọ̀hún.

Kí ni ìyá yẹn wá ṣe? Nọ́ńbà àkáǹtì ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ sára páálí tó gbé kọ́ sí iwájú ìsọ̀. Oníbàárà á san án síbẹ̀, ọmọ á lọ gbà á lọ́dọ̀ oní-POS. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ó ń dá a fún alájọ tó ń gba inú ọjà kọjá láràárọ̀, tí ìdáwó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ ti alájọ. Ilé ìyáwó tó gbá 40,000 rẹ̀ lọ kò rí kọ́bọ̀ mọ́ láti ìgbà náà, wọn ò sì ní rí i. Wọ́n lé e kúrò ní báńkì, níbi tí àjọ NDIC, tó ń san owó padà fún àwọn oníbàárà bí báńkì bá wó, ti dúró fún owó rẹ̀ títí dé 5,000,000 náírà láti ọdún 2024, wọ́n sì lé e lọ síbi tó jẹ́ pé bí alájọ bá sá lọ lóru, àdúrà nìkan ló kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ti ń pariwo pé kí àwọn ará ọjà wá sí báńkì. Ó wá, ẹ gbà á lówó, ó lọ.

Ẹni tí kò jẹ gbèsè pàápàá, àkáǹtì kékeré kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Alẹ́ẹ́tì kan, 6 náírà láti ọdún 2025. Káàdì, 50 náírà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Owó tó bá tó 10,000 tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn, ìjọba á mú 50 tirẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹni tó bá lo ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn tí kò sí lọ́gbà báńkì, bí irú èyí tó máa ń wà nílé ìtajà, á san 100 náírà, wọ́n sì tún lè fi àfikún tó tó 500 lé e. Ẹni tó kàn fẹ́ gba 5,000 láti fi ra oúnjẹ lè fi 600 sílẹ̀ níbẹ̀. Olówó kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ka owó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oní-POS fi pọ̀ ju ẹlẹ́ẹ̀kọ lọ ní òpópónà Adésídà. Ti pé àkáǹtì onípele kìíní, irú èyí tí ìyá yẹn ṣí, kò gbọdọ̀ ní ju 300,000 náírà nínú, CBN gbọ́dọ̀ tún un wò. Àgbẹ̀ kòkó tó bá gbé àpò díẹ̀ wá láti Ìdànrè á ti kọjá rẹ̀ kó tó kúrò nídìí òṣùwọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀lẹ ló ń jẹ gbèsè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí rántí ọdún 2016, nígbà tí wọ́n jẹ wọ́n lówó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tísà ń yáwó ra gààrí. Wọ́n lọ gba gbọ́mú-lé-láńtà, wọ́n mọ orúkọ tó ń jẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Ìjọba tó jẹ wọ́n lówó, ta ló wọ inú àkáǹtì rẹ̀?

Ohun tí à ń fẹ́ nìyí. Kí CBN kọ ọ́ sínú ìlànà GSI pé lóṣooṣù, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan 35,000 náírà àkọ́kọ́ tó bá wọ àkáǹtì ẹni tó jẹ gbèsè. Ìdajì owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ yìí nìyẹn, 70,000 tí wọ́n sọ di òfin lọ́dún 2024. 73,000 ni tiwa l'Óǹdó. Èyí tó bá lé, kí wọ́n mú nínú rẹ̀ títí gbèsè á fi tán. Kì í ṣe ohun tí a lálàá rẹ̀ lóru. Láti ọdún 2010 ni ẹnikẹ́ni ní Jámánì ti lè sọ fún báńkì rẹ̀ pé kó sọ àkáǹtì òun di èyí tí òfin dáàbò bò: iye kan wà lóṣooṣù tí olówó gbèsè kò lè fọwọ́ kàn, kí ẹni tó ni àkáǹtì lè jẹun, kó sì san owó ilé. Báńkì Jámánì kò torí ẹ̀ wó.

Àwọn báńkì á sọ pé ajigbèsè á kàn ṣí àkáǹtì mẹ́wàá, á sì fi 35,000 pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò lè ṣe é. BVN tí wọ́n fi ń wá a kiri náà ni kí wọ́n fi ṣírò rẹ̀: BVN kan, 35,000 kan. Wọ́n tún máa sọ pé ẹni tí gbogbo owó tó ń wọlé fún un kò tó iye yẹn kò ní san gbèsè láé. Ó ṣeé ṣe. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti báńkì rẹ̀ jókòó, kí wọ́n jọ dá iye tí á máa san lóṣù, bí 2,000, bí 3,000. Ó sàn ju kí wọ́n gbá 40,000 lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n má sì rí i mọ́. (Ti àwọn ayánilówó orí fóònù tó ń fi fọ́tò èèyàn ránṣẹ́ sí àna àti pásítọ̀ rẹ̀, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ló ń bá wọn fà á. Ọjọ́ mìíràn la ó dé orí ìyẹn.)

Àwọn báńkì tó tò sí Alágbàká àti òpópónà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn kò nílò àṣẹ Àbújá kí wọ́n tó ṣe ìwọ̀nba tiwọn. Ọmọ tó jókòó sídìí tábìlì tó ń ṣí àkáǹtì fún èèyàn lè la ẹnu béèrè pé, "Mà, ṣé ẹ jẹ gbèsè níbì kan? Tó bá wà, owó tó bá wọ ibí lè lọ síbẹ̀ o." Gbólóhùn méjì péré, ní Yorùbá. Ká ní wọ́n sọ ọ́ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ì bá ti kọ́kọ́ lọ bá ilé ìyáwó náà dúnàá-dúrà kí ọmọ tó fi owó ìsọ̀ ránṣẹ́. Àwọn aṣojú-ṣòfin mẹ́sàn-án tí ìpínlẹ̀ yìí rán lọ sí Àbújá ni kó gbé ti 35,000 lọ síwájú ilé. Ìbò ọjà wà lára ìbò tó gbé wọn débẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá ti gbá owó rẹ̀ lọ ńkọ́? Kó kọ lẹ́tà sí báńkì rẹ̀, kó gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Kó béèrè ẹni tó gba owó náà, iye tó jẹ́ owó tó yá, àti iye tó jẹ́ èlé. Bí ìtanràn bá wà nínú rẹ̀, kó ní kí wọ́n dá ìyẹn padà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò fèsì, kó mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ sí ẹ̀ka CBN, ní Alágbàká níbẹ̀ náà ló wà.