Ẹ Kọ Ìwé Ìhágún Yín Kí Oṣù Yìí Tó Parí

Ẹni tó bá rìn ní àdúgbò àtijọ́ n'Ìbàdàn tàbí ní Mushin yóò rí i lára ògiri, ọ̀dà pupa, lẹ́tà gàdàgbà: ilé yìí kì í ṣe títà. Wọ́n lè ní torí àwọn gbájúẹ̀ ni. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Bàbá ti kú, kò sọ ẹni tó ni yàrá iwájú, kò sọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, ẹ̀gbọ́n wá lọ ra ọ̀dà.

A ò bẹ̀rù ikú tó bí a ṣe ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló ti ká aṣọ tí wọn yóò fi sin wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpótí, tí wọ́n sì ti fi han ọmọ. Ìwé ìhágún, tí wọ́n ń pè ní wíìlì, nìkan la ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la lé lórí. Kí ẹnì kan ṣáà dárúkọ wíìlì, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ló kàn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí sì ti gbọ́ ọ nínú hàdíìsì pé ẹni tó ní wàsíyà láti ṣe kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Suberu Dawodu kú l'Ékòó lọ́dún 1940, kò kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ogún ọ̀hún, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gba iye kan náà? Ẹjọ́ ọ̀hún ń lọ láti kóòtù dé kóòtù, títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà. Ọdún 1962 ni wọ́n tó dá a pé ìdí-igi ni. Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ikú bàbá! Bébà kan ṣoṣo ì bá ti yanjú ẹ̀.

Opó ló ń jìyà ẹ̀ jù. Nínú àṣà wa, aya kì í jogún ọkọ. Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù, tó fi owó ọjà ra páànù, lè dẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ yàrá lọ́wọ́ ọmọ orogún. Ẹ má sì gbọ́kàn lé orúkọ next of kin tí ẹ kọ sí bánkì, kò sọ ẹni náà di ajogún.

Ohun tí òfin ń bèèrè ò pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀, kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ fún ní nǹkan nínú ẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ohun tí ẹ fún un má baà bọ́. Ẹ wá fi pamọ́ sí ọ́fíìsì Probate, èyí tó ń bójú tó ìwé ìhágún, nílé ẹjọ́ gíga.

Ibẹ̀ la ti ń bá àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá wí. Àgbẹ̀ Kíṣì kò ní fi oko sílẹ̀ wá s'Íbàdàn torí bébà. Kí òṣìṣẹ́ Probate àti lọ́yà ìjọba máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìní. Kí wọ́n tó dé, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ẹni tó ni yàrá iwájú.